Ẹni Tó Gbé Bẹ́ǹṣì Wá Ló Máa Jókòó

Bùsọ́lá, ọmọ aládùúgbò wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ni. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Magodo ti pè é síṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó wá bá òun máa ta aṣọ lórí fóònù. Ó wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin tí ẹ ṣe é títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ṣé iṣẹ́ tíṣà dáa?"

Kí n tó la ẹnu, Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀lé e wá ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. "Ẹ má tàn án o, Mummy. Tíṣà kì í lówó. Ẹni tó bá sì tòṣì láyé ìsinsìnyí, òun ló fà á fún ara rẹ̀. Ẹ wo Mile 12 níbí, ẹni tó bá ṣáà ti lè ṣiṣẹ́, á lówó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Káyọ̀, bí mo bá ní kí n máàkì ọ̀rọ̀ rẹ yìí, ìdajì ni màá fún ọ. Ìdajì kan tọ̀nà. Jókòó kí n bá ọ tún ìdajì kejì ṣe."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún wọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rò ó pé ó lè wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí wọ́n ń wo iṣẹ́ méjì tí wọn ò mọ èyí tí wọn yóò mú, ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà. Owó tíṣà kì í tó, ó sì máa ń pẹ́. Òun náà ni èmi àti ọkọ mi fi tọ́ ọmọ, tí a sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ilé kékeré tí mò ń gbé ní Kétu yìí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ ṣe ń ṣa koríko. Mi ò là, mi ò sì tọrọ jẹ. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Kétu ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Ìkòsí, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sápá odò. Hẹ́dímásítà ibẹ̀ ni Ọ̀gá Akíntáyọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ga, tí kì í pariwo, tí gbogbo wa sì ń bẹ̀rù.

Mo rò pé wọ́n máa fún mi ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mo dé. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n fún mi.

Wọ́n ní, "Mísì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kun bọ́ọ̀dù?"

"Rárá, sà."

"Ẹ ò tíì lè kọ nǹkan sórí rẹ̀ nìyẹn."

Láyé ìgbà yẹn, a kì í ra ọ̀dà fún bọ́ọ̀dù. Èédú la máa ń gún, a ó pò ó mọ́ ewé ẹ̀gẹ́ tútù, a ó fi àkísà pa á mọ́ pátákó, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Mo gún un, mo kùn ún, ó gbẹ ní pálapàla. Ọ̀gá fi ìka kan ra ojú rẹ̀, wọ́n na ìka dúdú náà sí mi. "Ọmọ tó wà lẹ́yìn kò ní rí A, kò ní rí B. Ẹ tún un kùn." Mo tún un kùn títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, omijé sì ń bá èédú ṣeré lójú mi. Nígbà tó yá tí ó jọ̀lọ̀, wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn gbé ṣọ́ọ̀kì fún mi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. "Àwọn ọmọ iwájú lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Mísì. Àwọn yẹn ti mọ̀ ọ́n láti ilé kí ẹ tó dé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni ìjọba tìtorí wọn gbà yín." Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá wọ kíláàsì, ẹ̀yìn ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fi èyí kọ́ra ná, kí ẹ tó ra aṣọ tí ẹ ó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló wà lẹ́yìn? Ibẹ̀ ni ìtàn mi wà gan-an.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ wọlé ju ìjókòó lọ nígbà náà. Òbí ló ń ṣe bẹ́ǹṣì fún ọmọ tirẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú títì, bẹ́ǹṣì lórí, bí ìjàlọ tó gbé oúnjẹ. Bí a bá gba ìsinmi, wọ́n á tún rù ú padà sílé. Òfin Ọ̀gá Akíntáyọ̀ kò sì lọ́jú pọ̀ rárá: ẹni tó gbé bẹ́ǹṣì wá ló máa jókòó. Ẹni tí kò bá gbé e wá, ilẹ̀ ni, lẹ́yìn kíláàsì, lórí páálí tàbí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ẹ má tètè bínú sí wọn. Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Ìjọba ti fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní bẹ́ǹṣì rí, bẹ́ǹṣì tí gbogbo ọmọ ni. Ọmọ fò lé e, ọmọ jó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kò sẹ́ni tó kan ìṣó kan mọ́ ọn, kó tó pẹ́ ó di igi ìdáná. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, "Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé ni, ebi ní í pa á." Wọ́n tún gbà pé ojú á ti òbí tí ọmọ rẹ̀ bá jókòó sílẹ̀, á sì gbéra.

Ọmọ méjì ló jókòó sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Rísíkátù àti Mufútáù. Ìdí tí wọ́n fi wà nílẹ̀ kò jọra rárá. Bàbá Rísíkátù wá láti Ìgbòho. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní Mile 12 tó ń ru ẹrù fún àwọn oníṣòwò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di Magodo níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó di lébìrà. Bàbá Mufú ní tirẹ̀ mọ iṣẹ́ páńẹ́lì débi pé àwọn onímọ́tò ń ti ọ̀nà jíjìn wá a wá, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ. Bàbá kan ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò ká a. Bàbá kejì rí i, ó fi ta tẹ́tẹ́. Àwọn ọmọ méjèèjì wá jọ jókòó sórí ilẹ̀ kan náà, òtútù ilẹ̀ náà kò sì bi wọ́n léèrè irú ẹni tí bàbá wọn í ṣe.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, Bàbá Rísíkátù gbé bẹ́ǹṣì wá. Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré ní Magodo ni. Wọ́n ti lò ó tán, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, ó sì fúnra rẹ̀ kàn án pọ̀. Kò dà bí èyí tí káfíńtà ṣe. Sìmẹ́ǹtì gan mọ́ ọn lára, ó wúwo bí ọlọ. Bí ó ṣe gbé e kalẹ̀, Wàsíù, ọmọ Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn òbí, pariwo pé, "Rísí Kọnkéré dé o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Rísíkátù jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tiyín ń mì bí eyín arúgbó. Tèmi, bí ẹ bá kọ́ òkè kan lé e, ẹ lè háyà rẹ̀ fún ayálégbé."

Mo yíjú sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n má baà rí i pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá. Odò kún, ó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀. A dé lọ́jọ́ Ajé, omi ti dé itan nínú ọgbà. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ń léfòó kiri bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní atukọ̀. A rí òmíràn tó gba ojú fèrèsé jáde tó ń bá omi lọ, a ò lè mú un. Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ló kù. Èyí tí kò bá omi lọ ti là sí wẹ́wẹ́, èyí tí kò là ti wú. Orúkọ tí òbí fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí wọn lára ti pa rẹ́, àwọn ọmọ ń fa èyí tó kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni kò sẹ́ni tó jà sí. Ó wà níbi tí wọ́n fi í sí nínú kíláàsì mi, omi kò lè gbé e.

Ìdánwò ìwé mẹ́fà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Aṣojú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wá wò wá, ó mi orí. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò lórí ilẹ̀. Bí kò bá sí ìjókòó títí di ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ wa lọ ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Anthony.

Létí ẹni tó ní mọ́tò, Anthony kò jìnnà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Akíntáyọ̀ mọ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ní rí owó ọkọ̀, wọ́n mọ ẹni tí yóò dé ẹ̀bá títì Ikorodu tí yóò wo ìsáré mọ́tò tí yóò sì padà sílé. Ọmọ tí kò bá ṣe ìdánwò náà, kò ní wọ girama. Wọ́n pe ìpàdé àwọn òbí.

Abẹ́ igi fúrúùtù la jókòó sí. Alhaji, alága, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, ó ní lọ́rí, ó ní ilé tí wọ́n ń háyà. Ó ní, "Èyí ò le. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo bẹ́ǹṣì tó kù pọ̀ fún àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà, kí wọ́n jọ lò ó. Èyí tó kù, káfíńtà á ṣe é. Ọ̀rọ̀ parí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni ẹnìkan bá dìde lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún sìmẹ́ǹtì. Bàbá Rísíkátù ni.

"Ẹ dákun, Alhaji, kò tíì parí. Ẹ má ka tèmi mọ́ ọn."

Ìyá kan pòṣé. "Háà, Bàbá Rísí! Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mà nìyí!"

"Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mò ń sọ, ìyá. Láti ìgbà tí wọ́n wọlé títí dé Kérésì, ilẹ̀ ni ọmọ mi jókòó sí. Ó wúkọ́ títí. Ta ló ní ká kó bẹ́ǹṣì pọ̀ nígbà náà? Mo wá bi wọ́n léèrè níbí, wọ́n ní òfin ni. Mo gbà, mo lọ wá pákó. Òfin tó jẹ́ òfin nígbà tó ń dùn mí, kí ló dé tí kò jẹ́ òfin mọ́ nígbà tó kan ẹ̀yin náà? Ohun tó kojú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn."

Inú bí Alhaji. "Ẹ gbọ́ alábàárù! Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ọmọ ẹ ń jẹ, o wá ń ṣakọ lórí pákó tí o tọrọ. Ìṣẹ́ inú ọkàn ló ń pa irú yín. Ìdí tí ẹ ò fi lówó nìyẹn."

Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ó sì ń pè é ní ìwọ. Bàbá Rísíkátù kò dá a padà fún un. Ó ní, "Alhaji, kí ẹ tó jí láàárọ̀ yìí, ẹrù tòmátì tí mo ti rù lè kún lọ́rí yín. Bó bá ṣe pé iṣẹ́ nìkan ní í sọni di olówó, ẹ̀yin lẹ máa wá máa yáwó lọ́wọ́ mi."

Àwọn tó ń bínú sí i náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Bàbá Rísíkátù, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́."

"Kí ẹ pa òfin náà rẹ́, sà. Kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Kí ọmọ kankan má jókòó sílẹ̀ níbí mọ́ nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ní tàbí tí kò ní. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé bẹ́ǹṣì mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lò ó tán, kí ẹ sì padà sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Mo mọ̀ pé òfin náà kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ wọn. Òun ló jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ wa ní ìjókòó nígbà tí àwọn mìíràn kò ní. Wọ́n ní, "Bí mo bá pa á rẹ́, ta ni yóò máa tún un ṣe? Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé ni..."

Àwọn òbí bá wọn parí rẹ̀: "...ebi ní í pa á."

"Bàbá Mufú ńkọ́? Ó mọṣẹ́, ó ń rówó, ó ń fi ta tẹ́tẹ́. Kò tiẹ̀ wá sí ìpàdé yìí. Ṣé kí n sọ fún un pé kí ó máa ta á lọ, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á wá ìjókòó fún ọmọ rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Bàbá Rísíkátù náà mọ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha sìmẹ́ǹtì kúrò lórí èékánná. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí ẹ bá rí Bàbá Mufú, ẹ fìyà jẹ ẹ́, sà, màá bá yín dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i mú, ẹ wá mú Mufú. Ti àtúnṣe tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Ẹni tó bá jókòó lé e ni kó máa tún un ṣe. Kì í ṣe bàbá o, ọmọ gan-an. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó. Bí n kò bá sí níbi iṣẹ́, màá wá kọ́ wọn."

Ọ̀gá bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n gbé e padà sójú. Wọ́n ní, "Òfin náà ti parí." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Mísì, kíláàsì yín la ó fi bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di àṣà lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sán Fúráìdè, kí a tó jáde, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin á dojú bẹ́ǹṣì dé, wọ́n á máa wá ibi tó ń yẹ̀, wọ́n á sì kàn án. Ariwo òòlù wa á gba gbogbo àdúgbò. Èmi tí mo wá kọ́ni ní ìṣirò, mo di ẹni tó mọ ìṣó tó yẹ pákó tín-ínrín àti èyí tó yẹ pákó nípọn.

Ṣùgbọ́n ká tó dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ kan bẹ́ǹṣì ìdánwò. Alhaji fi lọ́rí rẹ̀ kó pákó wá, n kò sì ní gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Rísíkátù wá láti bá káfíńtà ṣiṣẹ́, ó ní kí ẹgbẹ́ àwọn òbí san owó oòjọ́ òun. Ẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn máa sọ bà mí. Lóòótọ́ ni àwọn kan kùn pé, "Ọmọ tiẹ̀ náà mà wà níbẹ̀!" Èrò mi lórí èyí kò yí padà láti ìgbà náà. Bí ẹni tó ní lọ́rí bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀sán kan, kò sẹ́ni tí yóò sùn lébi nílé rẹ̀. Bí lébìrà bá yọ̀ǹda ọjọ́ kan, oúnjẹ ilé rẹ̀ ló yọ̀ǹda. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún ti àkọ́kọ́, a sì máa ń retí ti ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́, a ó tún pe ẹni tó bá béèrè ní ọ̀kánjúwà. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ san owó náà fún un, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kò sí ọmọ wa kankan tó lọ sí Anthony. Lórí bẹ́ǹṣì tó gan fún sìmẹ́ǹtì, Rísíkátù wà láàárín, Mufú lápá kan, Wàsíù lápá kejì, àyè tó yẹ sì wà láàárín wọn. Kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn tó dé, mo gbọ́ tí Wàsíù ń sọ pé, "Kọnkéré, sún díẹ̀."

"Orúkọ mi?"

"Ó dáa. Rísíkátù, jọ̀ọ́, sún díẹ̀."

Ó sún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yege.

Ibi tó yẹ kí ìtàn dídùn parí sí nìyí, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ pa irọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Rísíkátù kò ka girama jìnnà. Bàbá rẹ̀ já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sì lè ru ẹrù mọ́. Ọmọ náà di ẹni tó ń ta ata ní Mile 12. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Káyọ̀dé, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó ọmọ náà. Kò là. Ó ń jẹun, ó ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Wàsíù ti wà lókè òkun tipẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ tó Rísíkátù rí. Mufú ńkọ́? A wá ìjókòó fún un, a kọ́ ọ níwèé, a kọ́ ọ ní kíkan ìṣó. Orí fóònù ló ti ń ta tẹ́tẹ́ báyìí. Ìdajì tó tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn: ibì kan wà tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé, ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti fúnra rẹ̀ gbéra. N kò gbà pé bẹ́ǹṣì tí a fún Mufú ṣòfò. Ohun tó tọ́ sí i la fún un. Ohun tó fi ṣe wà lọ́rùn tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Èédú àti ewé ẹ̀gẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti kùn dúdú láti ilé iṣẹ́ dé. Ìyẹn náà lọ, bọ́ọ̀dù funfun dé, ṣọ́ọ̀kì kò mú wa wúkọ́ mọ́, ṣùgbọ́n máákà á gbẹ sí ọ lọ́wọ́ láàárín ẹ̀kọ́. Ìbéèrè ìdánwò tí a máa ń fi ọwọ́ yí lórí ẹ̀rọ títí aṣọ wa á fi kún fún yíǹkì di ohun tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń dé. Bùsọ́lá, irinṣẹ́ tìrẹ á tún yàtọ̀, má bẹ̀rù rẹ̀. Kàn máa wò ó bóyá ó dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ní Magodo náà, ẹ̀yìn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló jókòó sórí àga.

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn jẹ lẹ́yìn wọn. Mo ti di igbákejì nígbà tí hẹ́dímásítà tuntun kan dé. Bẹ́ǹṣì ti gbó, ọmọ ti pọ̀ sí i, òun náà sì gbọ́ nípa òfin àtijọ́. Ó pe àwọn òbí, ó ní kí a dá a padà. Ó sọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú: "Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù gbé ẹrù ara rẹ̀." Orí ọ̀pọ̀ òbí ń mì bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi wúwo, nítorí mo mọ iye ọmọ tí yóò padà sórí ilẹ̀. Mo ń gbìyànjú láti dìde, ẹnìkan ti ṣáájú mi.

Alhaji ni. N kò rí i fún ìgbà pípẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín òun àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ti jẹ ilé tí wọ́n ń háyà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, àwọn lọ́rí náà sì ti kú síbi tí wọ́n gbé wọn sí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Mo máa ń rí i tẹ́lẹ̀ tó ń jí lọ sí kóòtù bí ẹni ń lọ sóko. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má dá òfin yẹn padà. Ọmọ ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Kò... kò sí bẹ́ǹṣì nílé wa."

Ẹnìkan tó mọ ìtàn àtijọ́ kò lè pa á mọ́ra, ó ní láti ẹ̀yìn, "Alhaji, àbí ìṣẹ́ inú ọkàn ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ̀ wo apá ibi tí Bàbá Rísíkátù jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí ọmọ Rísíkátù náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí ó bá fẹ́ dá a padà fún un, ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi.

Bàbá Rísíkátù gbé ẹsẹ̀ tó kán náà kúrò lọ́nà. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Alhaji," ó ní, "ẹ wá jókòó ná. A ò tíì gbà fún wọn."

Alhaji jókòó. Hẹ́dímásítà tuntun náà wo àwọn méjèèjì, ó sì bi mí pé ọjọ́ wo ni a máa ń kan ìṣó.